Nígbà tí Ọ̀nà Dí: Ìtàn Ìjọ Kúdẹtì

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Bí ènìyàn bá ní owó tirẹ̀ nílẹ̀ ní Èkó, tí iṣu àti ẹ̀wà àti epo wà lọ́jà Ìbàdàn níwájú ojú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó má rà, kí ni yóò mú kí ebi máa pa á? Ẹ má tètè dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí irú owó tí àwọn baba ńlá wa ń ná.

Owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù tí ọkùnrin kan yóò rù láti Èkó wá sí Ìbàdàn, orí rẹ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ọrùn kí ó tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó sínú àpò ṣòkòtò lọ sọ́jà, ẹ ò mọ wàhálà tí ẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó oṣù òyìnbó oníwàásù kan bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé láyé ìgbà náà, ní Èkó ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ sí ẹyọ, lẹ́yìn náà ni àwọn aláàárù yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ọ̀nà Ìjẹ̀bú wá sókè. Ìwé owó kò wúlò fún oníṣu Ìbàdàn. Ẹyọ ni yóò kà kí ó tó gbé iṣu fún ọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, owó dí nìyẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìjọ kékeré kan ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn nìyẹn, láti 1860 títí di 1865. Ìtàn ìjọ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó di ìgbàgbọ́ wọn mú nígbà ìpọ́njú, a máa ń sáré lọ sí Róòmù àti Jerúsálẹ́mù, a sì máa ń fò kọjá lórí àwọn tí ó jìyà nítòsí ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1849 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán níṣẹ́, dé ilẹ̀ Yorùbá. Abẹ́òkúta ni ó kọ́kọ́ gbé. Ní 1851 ó lọ wo Ìbàdàn. Ìlú ńlá ni Ìbàdàn ti dà ní àkókò yẹn, ìlú jagunjagun, tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ọmọ ogun pàgọ́ sí i. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Samuel Johnson sọ fún wa pé àwọn ìjòyè jókòó lé ọ̀rọ̀ àlejò náà lórí. Àwọn kan ní kí ó máa bọ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀ràn ni irú wọn ń kó wọ ìlú. Wọ́n bi Ifá léèrè, Ifá sì fọre. Ẹ ò rí i bí ayé ti rí: Ifá ni ó bá oníwàásù Jésù ṣí ilẹ̀kùn Ìbàdàn!

Hinderer padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìyàwó ní 1852. Anna Martin ni orúkọ omidan náà, ọmọ ìgbèríko Norfolk. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní Oṣù Kẹrin 1853 ni àwọn méjèèjì wọ Ìbàdàn, Anna sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọn kò dá wá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà pẹ̀lú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Daniel Olúbí. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Abẹ́òkúta. Ìdílé olórìṣà ni wọ́n bí i sí, kí ó tó gba Jésù gbọ́.

Ilé alámọ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Àwọn ènìyàn ń wá láti ìparí ìlú wá wo obìnrin funfun, nítorí kò sí èyí tí ó ti rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ méjì rán sí i, Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan, wọ́n sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwé àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Orúkọ Yéjídé yìí ni ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan n'Ìbàdàn ń jẹ́ títí di òní. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ mọ ohun tí ó ná òbí láti fi ọmọ rán sí ilé-ìwé nígbà tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ìwé yóò fi í ṣe. Lónìí a mọ̀. Olúnlóyọ̀ kò mọ̀, síbẹ̀ ó rán wọn.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbọ́, inúnibíni dé. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ìlú, nínú ilé ni. Bàbá ti ọmọ mọ́lé, ìyá sunkún lé ọmọ lórí, ẹbí kó ohun ìní ẹbí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀ láti bá wọn bọ òrìṣà. Wọ́n na àwọn kan, wọ́n fi okùn so àwọn kan. Ó yẹ kí a gbìyànjú láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn òbí náà. Lójú tiwọn, ọmọ tí kò bá bọ orí bàbá rẹ̀ ti já ìdílé sílẹ̀. Ta ni yóò sin wọ́n bí wọ́n bá kú? Ìbẹ̀rù ni ó ń lu àwọn ọmọ náà, kì í ṣe ìkórìíra nìkan. Ọ̀pọ̀ padà sẹ́yìn, wọn kò wá sí ìsìn mọ́. Àwọn díẹ̀ kò padà. Àwọn díẹ̀ yìí ni ìjọ Kúdẹtì. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n dá ìjọ méjì sílẹ̀ sí i, ọ̀kan ní Ògùnpa, ọ̀kan ní Àrẹ̀mọ.

Bí nǹkan ti wà nìyẹn tí ogun Ìjàyè fi dé.

Ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ ìdí ogun náà. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba, yóò bá bàbá rẹ̀ kú. Àtìbà ti bẹ àwọn olóyè rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí Adélù, àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní foríbalẹ̀ fún ẹni tí ó yẹ kí ó ti kú. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pé ta ni ọ̀gá láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè ni ó tan iná náà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861. Ní Oṣù Kẹta 1862 Ìbàdàn kó Ìjàyè, ìlú ńlá náà sì di ahoro.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ yín, kí ẹ rí ibi tí Ìbàdàn wà, kí ẹ rí ibi tí Abẹ́òkúta wà, àti Ìjẹ̀bú Òde. Ẹ̀gbá jókòó sí ọ̀nà òkun kan, Ìjẹ̀bú jókòó sí èkejì. Wọ́n ti ọ̀nà méjèèjì pa mọ́ Ìbàdàn, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iyọ̀ pẹ̀lú kò dé mọ́, lẹ́tà kò dé, owó kò dé. Àwọn tí ó ti ọ̀nà pa kò bínú sí Hinderer tàbí Olúbí o. Wọn kò tilẹ̀ rò wọ́n kan ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyà ogun ti rí: kì í dúró bi ọ́ bóyá o wà nínú ìjà.

Wàyí o, ẹ ti lè dáhùn ìbéèrè mi. Owó oṣù Hinderer wà ní Èkó. Kò sí bí yóò ti dé Kúdẹtì. Ilé wọn sì kún fún ọmọ: àwọn tí òbí wọn fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, àwọn tí kò ní ẹnìkan, gbogbo wọn ń la ẹnu wò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Hinderer fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó gba inú ewu sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, ó sì rí owó àti ẹrù díẹ̀ mú bọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà kò ṣeé ṣe mọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun tí ó wà nínú ilé. Aṣọ ìbora tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tà á. Àpótí páànù àti agolo tí ó ti ṣófo, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù sórí ààtàn, di ọjà. Àwọn ará Ìbàdàn rà wọ́n nítorí pé wọn kò wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá ta agolo kan, wọn á ra ẹ̀wà. Wọ́n á fi epo àti ata sè é. Bí ọ̀la bá dé, ẹ̀wà náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀wà lè máa rò pé èyí kì í ṣe ìyà. Ẹ jẹ ẹ́ láìní iyọ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù lẹ́yìn oṣù, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Anna fúnra rẹ̀ kò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibà kì í fi í sílẹ̀ pẹ́, oògùn sì tán.

Àwọn kan tí wọ́n ti kọ ìtàn yìí sẹ́yìn máa ń gbé gbogbo ìyìn fún òyìnbó méjèèjì, bí ẹni pé àwọn nìkan ni wọ́n wà ní Kúdẹtì. N kò fara mọ́ ọn. Òtítọ́ ni pé wọ́n lè ti sá lọ kí ogun tó le, wọn kò sì lọ. Iyì wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé wọn ró? Àwọn ará ìjọ tí àwọn náà kò ní nǹkan, tí wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n ní wá. Àwọn aládùúgbò pẹ̀lú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olórìṣà tàbí Mùsùlùmí, ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà àìní, Anna sì dúpẹ́ oore wọn nínú lẹ́tà rẹ̀. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn kò fìyà jẹ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ìlú Èkó àti ti Abẹ́òkúta kò fi gbogbo ìgbà ṣe ọ̀rẹ́ Ìbàdàn. Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ ọ̀rẹ́. Bí ìgbàgbọ́ bá dúró ní Kúdẹtì, ọwọ́ tí ó dì í mú pọ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ Onígbàgbọ́ nìkan.

Mo ní kí ẹ fi orúkọ Olúbí sọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀, nítorí lójú mi, ìdánwò tirẹ̀ le ju ti ebi lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Olúbí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìbàdàn ni ó ń gbé, Ìbàdàn ni ó ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìbàdàn ni ó ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ní ojú ogun, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ dojú ìbọn kọ ara wọn. Bí ìròyìn bá dé pé Ìbàdàn ṣẹ́gun, ariwo ayọ̀ á ta nígboro. Ta ni ó lè sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ ìyá òun ni ó ṣubú? Bí ó bá ṣọ̀fọ̀, wọn á ní amí ni. Bí ó bá bá wọn yọ̀, kí ni yóò sọ nígbà tí ó bá padà délé? Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ní Aké, Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá ń bẹ Ọlọ́run kí ó dáàbò bo ìlú wọn. Ní Kúdẹtì, Onígbàgbọ́ Ìbàdàn ń bẹ Ọlọ́run kan náà.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé àwọn òyìnbó bọ́ nínú èyí. Henry Townsend, tí ó wà ní Abẹ́òkúta, tí ó dá ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Hinderer gbè sẹ́yìn Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó rán àwọn méjèèjì, ìhìnrere kan náà ni wọ́n ń wàásù, síbẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò bá ara wọn mu. Olúkúlùkù ń fi ojú ìlú tí ó ń gbé wo ogun náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìgbàgbọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di áńgẹ́lì ní ilẹ̀ Yorùbá. Olúbí ni ẹni tí kò lè gbè sẹ́yìn apá kan tán. Ó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀. Kò sá lọ sí Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn kò lé e.

Nígbà tí Ìjàyè tú, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Òyìnbó ọ̀dọ́ kan, Edward Roper, wà ní ilé C.M.S. ní Ìjàyè nígbà tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn. Wọ́n mú un bí wọ́n ti ń mú àwọn yòókù. Ìlànà ogun ayé ìgbà náà kò ní àwọ̀ nínú: ẹni tí ogun bá kó, ẹrú ẹni tí ó mú un ni. Wọ́n béèrè owó ńlá, pẹ̀lú ìbọn àti ẹ̀tù, kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀. Níbo ni Hinderer tí ń ta agolo yóò ti rí i? Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí Roper máa gbé pẹ̀lú òun ní Kúdẹtì. Ẹnu kan sì kún iye ẹnu tí ń jẹ ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ìjàyè ni a kó ní 1862: ìyá, ọmọ, arúgbó. Kò sí ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí wọn. Àwọn kan nínú wọn ti jẹ́ Onígbàgbọ́ nínú ìjọ Ìjàyè, nítorí ẹgbẹ́ C.M.S. àti ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà ní ilé ìsìn níbẹ̀. Wọ́n fọ́n ká. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìwé ìtàn máa ń dá dúró fún wọn, ó sì máa ń kọjá lọ.

Ìjàyè tú, ogun kò parí. Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ṣì ń lé ara wọn kiri. Ọdún 1863 kọjá, 1864 dé. Ní ọdún yẹn Balógun Ìbíkúnlé kú. Ọ̀nà ṣì dí. Síbẹ̀, nínú gbogbo rẹ̀, agogo ilé-ìwé ń dún ní Kúdẹtì. Àwọn ọmọ ń kọ́ A, B, D. Wọ́n ń kọ́ orin. Wọ́n ń ran aṣọ tí ó ti gbó. Àwọn àgbà ń wá sí ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Hinderer tí kò rí ibi kankan lọ ń kọ̀wé. Òun ni ó yí ìwé John Bunyan sí èdè wa, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìwé náà jẹ́ ìtàn arìnrìn-àjò kan tí ọ̀nà rẹ̀ kún fún ewu. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀nà tí ó léwu ń jẹ́.

Ọmọdékùnrin kan wà nínú ọgbà náà ní àwọn ọdún yìí. Henry Johnson ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Sàró tí ó wá bá Hinderer ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ọmọ náà ń kàwé, ó ń gbọ́ ìró ìbọn, ó ń rí àwọn ológun tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ó sì ń fetí sí ohun tí àwọn àgbà ń sọ. Samuel Johnson ni. Ẹ óò tún gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní Oṣù Kẹta 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán àwọn ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú. Ní Oṣù Kẹrin ó rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀ láti la inú igbó kọjá dé Ìbàdàn, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ará Kúdẹtì, kí wọ́n sì gbé Anna bọ̀. Lóru ni wọ́n dé. Wọ́n ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ bá àwọn pẹ́, kí ọ̀tá má baà gbọ́ ọ̀nà tí àwọn gbà. Wákàtí díẹ̀ ni obìnrin náà ní láti fi palẹ̀ mọ́ kúrò ní ilé tí ó ti gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ ń sunkún. Wọ́n gbé e sínú àga okùn, wọ́n wọ igbó lọ. Ọkọ rẹ̀ kò lè fi ìjọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó tó gbogbo nǹkan, lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n tún padà wá ní 1867, ní ọdún tí ìlú Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, èyí tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Nítorí náà, nígbà tí kò sí òyìnbó oníwàásù ní Abẹ́òkúta mọ́, àwọn ti Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wọn ti bàjẹ́. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní Norfolk ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹfà 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ní 1872 àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, láti inú ìwé náà ni a sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ fún yín yìí.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa ìwé dé. Lójú tèmi, ibí gan-an ni ìdánwò ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìjọ tí òyìnbó dá sílẹ̀ nígbà tí òyìnbó bá lọ?

Olúbí ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹ ronú rẹ̀: ìlú àwọn jagunjagun, tí ó ti bá Ẹ̀gbá jà fún ọdún márùn-ún, àti ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ olórí àwọn Onígbàgbọ́ ibẹ̀. Ní 1871 wọ́n fi í joyè díákónì. James Òkúsẹ̀hìndé wà pẹ̀lú rẹ̀. Samuel Johnson, lẹ́yìn tí ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, padà wá ń kọ́ni ní Kúdẹtì, lẹ́yìn náà ní Àrẹ̀mọ. Àwọn ọmọ Yorùbá wọ̀nyí ni wọ́n ń wàásù, tí wọ́n ń kọ́ni, tí wọ́n ń sìnkú, tí wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya, tí wọ́n sì ń lọ kí àwọn ìjòyè láàfin wọn.

Bí ẹni pé ti Ìjàyè kò tó, ogun mìíràn tún dé ní 1877. Ìbàdàn bá Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú jà. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbá jọ sí i. Ogun náà di Kírìjí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò parí títí di 1893. Ọ̀nà òkun tún dí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Hinderer ní Kúdẹtì, kò sí Glover tí yóò rán Maxwell wá lóru. Àwọn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà aláìníyọ̀ ní 1862 ni wọ́n tún jókòó sí ẹ̀yìn ọ̀nà tí ó dí. Wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é. Wọ́n mọ ohun tí a lè tà, ohun tí a lè fi sílẹ̀, iye ọjọ́ tí ọ̀kẹ́ kan lè gbé ilé. Ilé-ìwé kò tì. Ìsìn kò dá.

Nígbà tí àgbà gbogbo rí i pé ogun náà kò fẹ́ parí, tí Gómìnà Èkó sì fẹ́ bá wọn dá sí i, ta ni yóò rán lọ sí ibùdó àwọn ọmọ ogun? Ẹni tí Ìbàdàn yóò gbà, tí Èkìtì kò ní pa. Ní 1886 ó rán àlùfáà méjì tí í ṣe ọmọ Yorùbá. Charles Phillips láti Oǹdó ni ọ̀kan, ó lọ bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Samuel Johnson, ọmọ ọgbà Kúdẹtì ìjọ́sí, lọ bá Ìbàdàn àti Aláàfin. Wọ́n rìn láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ọdún méje sí i kí ibùdó tó tú. Lẹ́yìn náà Johnson, tí ó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, jókòó, ó kọ ìtàn gbogbo ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó fojú rí. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó rán an sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921. Bí ẹ bá ka ohun tí ó kọ nípa ogun Ìjàyè, kí ẹ rántí pé ọmọdé tí ebi pa nínú rẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Ní ti Olúbí, kò kúrò ní Kúdẹtì. Ó rí ìbẹ̀rẹ̀ Kírìjí, ó rí òpin rẹ̀. Ó kú ní 1912, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn tí ó tẹ̀ lé Hinderer wọ Ìbàdàn. Ní àkókò náà ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá, ṣílè sì ti ń lé ẹyọ kúrò lọ́jà. Iyọ̀ tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èkó ní òwúrọ̀ lè dé Ìbàdàn kí ọjọ́ tó wọ̀.